Ẹni Tó Ń Kọ Eré, Òṣìṣẹ́ Ni



Nígbàkúùgbà tí a bá dábàá nínú ìpàdé pé kí á fi ẹ̀kọ́ kíkọ eré kún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àwọn kan a máa rẹ́rìn-ín. Wọn a ní, "Eré kẹ̀? Ṣé ọmọdé ni wá ni?" Àwọn mìíràn a ní owó tí òṣìṣẹ́ ń dá lóṣooṣù kò wà fún àwàdà. Èmi kò bá wọn gbà rárá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí ẹ tó bá wọn rẹ́rìn-ín.

Eré tí mò ń wí kì í ṣe ayò, kì í sì í ṣe lúdò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń da dáìsì nínú rẹ̀. Eré ìtàn orí tábìlì ni. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún a jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kọ̀ọ̀kan a mú ipò ẹ̀dá-ìtàn kan. Olùdarí a ṣàlàyé ibi tí wọ́n wà àti ohun tó dé bá wọn. Àwọn tó kù a sì sọ ohun tí àwọn yóò ṣe. Bí kò bá dájú pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe yóò bọ́ sí i, dáìsì ni yóò dá ẹjọ́ náà. Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà náà wá ni eré yìí ti di òwò. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń ta ìwé rẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé ló sì ń kọ ọ́. Níbi tí ẹnì kan bá ti ń ṣiṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń kó èrè, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ í sọ níbẹ̀.

Ẹ má sì ṣe rò pé àjèjì ohun ni. Bí ẹ bá gba àdúgbò Banifandou ní ìlú Niamey kọjá nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jókòó yí ìkòkò tíì ká lórí iná èédú, tí wọ́n kọ orúkọ àwùjọ wọn gàdàgbà sára ògiri. Fada ni wọ́n ń pe irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ń bá ìjọba Ali Saibou fà á, ni àṣà náà ti gbilẹ̀ ní Niger. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí wọn! Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá, ọ̀kan ń ṣe bí ọlọ́pàá, ẹlòmíràn ń bẹ̀bẹ̀ bí awakọ̀ tí wọ́n gba ìwé rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń tà lówó gọbọi lókè òkun ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lójú títì. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹnì kan kọ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi iye lé e.

Ọmọ Niamey kan ti fi èyí hàn wá. Ọdún 1935 ni wọ́n bí Oumarou Ganda. Ó ṣe sójà fún Faransé ní Indochina, lẹ́yìn náà ó di alábàárù ní èbúté Abidjan. Níbẹ̀ ni Jean Rouch, ará Faransé tó ń ya fíìmù, ti bá a pàdé. Nínú Moi, un noir, tó jáde ní 1958, àwọn òṣìṣẹ́ Treichville gba orúkọ àwọn gbajúmọ̀ inú fíìmù wọ̀ bí ẹ̀wù. Edward G. Robinson ni Ganda ń jẹ́. Kò sí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń sọ bí àwòrán ti ń kọjá lójú rẹ̀. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn Louis Delluc. Orúkọ ta ni àwọn ọ̀mọ̀wé kọ́kọ́ ń dá títí di òní? Ti Rouch ni.

Fíìmù náà kò tẹ́ Ganda lọ́rùn tán, ṣùgbọ́n kò jókòó máa ráhùn. Ó kọ́ iṣẹ́ náà. Ó padà sí Niger, ó sì ṣe Cabascabo fúnra rẹ̀ ní 1968, ìtàn sójà tó ti Indochina dé. Ní 1972, fíìmù rẹ̀ Le Wazzou polygame gba ẹ̀bùn ńlá níbi àjọ̀dún FESPACO ní Ouagadougou. Ó kú ní 1981. Ilé àṣà kan ní Niamey ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Alábàárù mà ni o, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìwé kíkọ kò yẹ òṣìṣẹ́!

Nílé tiwa ńkọ́? Lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ọdún 1945 ni Hubert Ogunde gbé eré Strike and Hunger jáde. Ìjọba amúnisìn kò pè é ní eré ọmọdé: ọlọ́pàá mú un ní Jos ní 1946 nítorí rẹ̀. Àwọn ọ̀tá wa tètè mọ agbára eré ju àwọn aṣáájú wa mìíràn lọ.

Nísinsìnyí, báwo ni a ṣe ń kọ ọ́? Kò rí bí ìtàn àròsọ. Ẹ jẹ́ kí á mú alábàárù mẹ́ta ní gáréèjì Wadata. Aṣojú ọ̀gá dé, ó ní láti ọ̀la lọ owó orí àpò kọ̀ọ̀kan ti dín kù. Ọ̀kan nínú wọn jẹ aṣojú náà ní gbèsè. Wọ́n ti ṣèlérí fún èkejì pé òun ni yóò di fọ́ọ̀mànù, kò sì tíì sọ fún àwọn yòókù. Ẹ̀kẹta mọ iye tí oníṣòwò ń san gan-an. Òǹkọ̀wé kò gbọdọ̀ kọ ọ́ pé wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí pé wọ́n gbà. Iṣẹ́ àwọn tó ń ṣeré nìyẹn. Ohun tí yóò kọ ni ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fẹ́, ohun tó ń bà á lẹ́rù, ohun tó mọ̀ tó fi pa mọ́, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì bí ẹnikẹ́ni kò bá gbé ìgbésẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fún àwọn tí kò mọ̀ yín kí wọ́n fi ṣeré, kí ẹ má sì sí níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti há, ibẹ̀ ni kí ẹ tún kọ. Bí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín bá sì ní 3,000 ọ̀rọ̀ ni òun ń fẹ́, ẹ má kó 4,500 lọ bá a; ojú-ìwé tó ti díwọ̀n ni.

Nípa owó, iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n sábà fi ń sanwó nínú òwò yìí, iṣẹ́ àgbàṣe ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí iṣẹ́ kan bá jẹ́ 10,000 ọ̀rọ̀, tí wọ́n ní àwọn yóò san sẹ́ǹtì 5 lórí ọ̀kan, dọ́là 500 ni. Ẹ pín in sí iye wákàtí tí kíkọ àti àtúnkọ yóò gbà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ bèèrè: ìgbà wo ni owó yóò wọlé, ṣé nígbà tí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni, tàbí ìgbà tí ìwé bá jáde? Ta ni yóò ni ohun tí mo kọ? Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ló fún ilé-iṣẹ́ ní gbogbo rẹ̀ títí láé. Dave Arneson tí mo dárúkọ lókè, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dá eré náà sílẹ̀, ní láti pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ní 1979 nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọdún 1981 ni wọ́n tó yanjú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé òun kò lówó, ṣùgbọ́n orúkọ yín yóò tàn kálẹ̀, ẹ bi í léèrè bóyá orúkọ ni òun náà ń san fún onílé.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Paizo ní Amẹ́ríkà, tó ń tẹ eré Pathfinder, kéde ẹgbẹ́ tiwọn lábẹ́ Communications Workers of America. Àwọn òǹkọ̀wé alágbàṣe, tí òfin kò tilẹ̀ kà kún òṣìṣẹ́ ibẹ̀, gbé gègé sílẹ̀ láti gbè wọ́n lẹ́yìn. Láàárín oṣù kan náà ni ilé-iṣẹ́ gbà láti bá ẹgbẹ́ náà dúnàá-dúrà. Ṣé eré ọmọdé nìyẹn?

Ọ̀ràn kan sì wà tó ń dùn mí. Ní 2002, ilé-iṣẹ́ Atlas Games tẹ Nyambe jáde, eré tí wọ́n gbé ka ilẹ̀ Áfíríkà. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Chris Dolunt, ló kọ ọ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ wa, òrìṣà, pe àwọn ẹ̀mí inú rẹ̀. N kò bá a jà. Ó jókòó, ó ṣiṣẹ́, ó kọ ìwé. Àwa tí a ni ọ̀rọ̀ náà ni mò ń bá wí, àwa tí a ń pa àlọ́ fún ọmọ lálẹ́ tí a kì í kọ ọ́ sílẹ̀ ní òwúrọ̀.

Kí á sì tún ilé tiwa ṣe pẹ̀lú. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́, a máa ń ṣe eré ìdúnàá-dúrà: ẹnì kan a di ọ̀gá, ẹnì kan a di akọ̀wé ẹgbẹ́. Ta ló ń kọ ọ́? Ọmọ ẹgbẹ́ kan tí a ní kó fi òru kan ṣe é, tí a kò sanwó fún, tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé. Ohun tí a ń bá agbanisíṣẹ́ jà sí ni à ń ṣe lábẹ́ òrùlé wa. Nígbà tí ẹ̀ka yín bá tún jókòó lórí ìṣirò owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ béèrè pé kí wọ́n ya ìlà kan sọ́tọ̀ fún ẹni tó kọ eré, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ síwájú ìlà náà.