Eré Orin Ìta Gbangba Láìsí Jẹnẹrétọ̀ ní Ìbẹfun: Ìṣirò Ló Ṣáájú

Láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó epo jẹnẹrétọ̀ ti di ẹrù wíwúwo fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe eré orin ní gbangba ní Ìbẹfun. Ǹjẹ́ agbára oòrùn lè rọ́pò rẹ̀? A gbà pé ó lè ṣe é. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2024, ẹgbẹ́ olórin Massive Attack fi bátìrì ṣe eré ìta gbangba ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bí sípíkà àti iná orí ìtàgé bá ń fa kilowáàtì 10 fún wákàtí 5, kilowáàtì-wákàtí 50 ni bátìrì gbọ́dọ̀ gbé jáde, nítorí pé oòrùn ti máa ń wọ̀ kí eré alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí eré bá bọ́ sí àsìkò òjò, gẹ́gẹ́ bí Ojúde Ọba ọdún 2025 ti bọ́ sí oṣù Kẹfà, ìkùukùu a máa dín iṣẹ́ páńẹ́lì kù.

Nítorí náà, a rọ àwọn aṣètò láti gba iná sínú bátìrì ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí wọ́n sì ka firíìjì àwọn ọlọ́jà mọ́ ìṣirò náà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.