Ìdánwò àkítẹ́ẹ̀tì: Ẹ dẹ ọ̀nà rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di yẹpẹrẹ

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù tàbí òtẹ́ẹ̀lì kékeré sétí òkun ní Àgbádárìgì mọ̀ pé owó tóun fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ni ilé náà yóò gbé mì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kì í béèrè bóyá ẹni tó fẹ́ ya puláànù fún wọn ti yege ìdánwò tó fún un láṣẹ iṣẹ́. Iye tó fẹ́ gbà nìkan ni wọ́n ń béèrè.

Òfin ọdún 1969 ló dá ARCON sílẹ̀, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn àkítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì nìkan kò tó lójú òfin. Ẹni tó bá gboyè kejì tán gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, ó kéré tán, kó tó ṣe ìdánwò iṣẹ́. Ìgbà tó bá yege, tí ARCON sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ló tó lè fi òǹtẹ̀ rẹ̀ lu puláànù tí wọ́n máa gbé lọ sí LASPPPA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń fúnni láṣẹ ìkọ́lé.

Ẹni tó bá ní ọ̀nà yìí gùn kò parọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò mẹ́fà ni wọ́n ń ṣe. Tẹ́lẹ̀, èyí téèyàn bá ti yege lè di òfo lẹ́yìn ọdún márùn-ún bí kò bá tíì parí ìyókù. Ìyà ńlá nìyẹn fún abiyamọ àtẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ò tẹnu. Lọ́dún 2023, NCARB, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò náà, fagi lé òfin ọdún márùn-ún yẹn. Àmọ́ ìdánwò mẹ́fà náà ò dín kan. Àkókò ni wọ́n dẹ̀, wọn ò dín ìmọ̀ kù.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí ARCON bá fẹ́ tún òfin tiẹ̀ ṣe, kó wo owó ìdánwò, ọjọ́ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Kó má fọwọ́ kan bí ìdánwò náà ṣe le tó. Oníṣòwò ò lè wo puláànù kó mọ̀ bóyá àtẹ̀gùn inú rẹ̀ yóò gba èrò tó bá ń sá fún iná. Ìdánwò yẹn ni ojú tó fi ń ríran.

Ti etíkun tiẹ̀ tún le ju ibòmíì lọ. Iyọ̀ wà nínú iyanrìn òkun. Bí wọ́n bá fi po kọnkéré láìfọ̀ ọ́, irin inú rẹ̀ yóò dípẹtà. Lóòótọ́, ẹnjinníà ló ń ṣírò irin àti ìpìlẹ̀, àmọ́ àkítẹ́ẹ̀tì tó mọṣẹ́ ni yóò sọ fún onílé pé kò sí bó ṣe lè yọ ẹnjinníà sílẹ̀.

Wọ́n ní owó àkítẹ́ẹ̀tì tó níwèé àṣẹ ti wọ́n jù. Ó wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí LASBCA bá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé tí kò níwèé àṣẹ, ta ni yóò dá owó búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì padà? Oníṣòwò mẹ́rin tàbí márùn-ún tó fẹ́ kọ́lé ládùúgbò kan náà lè jọ dúnàádúrà pẹ̀lú àkítẹ́ẹ̀tì kan, kí owó lè fúyẹ́ lọ́rùn kálukú.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ lórí puláànù, ẹ béèrè nọ́ńbà ARCON lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yà á, kẹ́ ẹ sì fi wádìí lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ náà. Ẹni tó ṣe ìdánwò tó sì yege kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn.