Ọ̀RỌ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ TÓ LE: OBFUSCATE

Ọ̀rọ̀ tí a gbé dé lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu lọ́yà àti ẹnu olóṣèlú la ti sábà máa ń gbọ́ ọ: obfuscate. Ẹ pè é báyìí: ọ́b-fọs-kéètì, kí ohùn yín wúwo lórí ti ìbẹ̀rẹ̀.

Inú èdè Látìn ló ti wá. Fuscus ni ohun tó dúdú tàbí tó ṣú. Ẹni tó bá obfuscate ọ̀rọ̀, ńṣe ló mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣókùnkùn. Àmọ́ ẹ má rò pé bákan náà ni òun àti hide. Ẹni tó hide nǹkan gbé e pamọ́, ẹ ò rí i rárá. Ẹni tó obfuscate gbé e síwájú yín ní gbangba, ó wá da gírámà bò ó títí ó fi rú yín lójú. Ẹ ó wá máa rò pé ẹ̀yin ni ẹ ò kàwé tó. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn rẹ̀ wà.

Àwa tí a ń fi ìṣirò owó jẹun mọ̀ ọ́n dáadáa. Enron, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Houston ní Amẹ́ríkà, dá àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké sílẹ̀, ó ń bá wọn ṣòwò, ó sì ń ti gbèsè sí wọn lọ́rùn kó má baà hàn nínú ìwé tirẹ̀. Wọ́n kúkú mẹ́nu bà á nínú ìwé ìṣirò ọdún 2000, nínú àwọn àlàyé tó wà lẹ́yìn ìwé. Àwọn ògbóǹtarìgì kà á, kò yé wọn! Nígbà tó fi di December 2001, Enron ti wó, owó ìfẹ̀yìntì ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì bá a lọ.

Nílé tiwa ńkọ́? Lẹ́tà ìnṣọ́ránsì, lẹ́tà lańlọ́ọ̀dù, ìwé owó tí a fẹ́ yá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ ọdún méjìlá ló ń kà á fún Mọ́mì. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá kà á tán tí ẹ ò rí iye owó, ọjọ́ tí a ó san án, àti ohun tí wọ́n máa ṣe bí a ò bá san, ẹ má tijú. Ẹ ní kí Mọ́mì má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ fóònù wọn, kí wọ́n sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́lẹ̀. Níbí ní Britain, irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni Plain English Campaign dìde sí ní 1979.

Ọ̀rọ̀, òtítọ́ tàbí ìdí nǹkan la sábà máa ń obfuscate, kì í sábà jẹ́ ènìyàn. The lawyer obfuscated the issue dára. Bó bá jẹ́ Mọ́mì ni lọ́yà náà dà lọ́kàn rú, confused ni kí ẹ lò. Obfuscation ni orúkọ ìwà náà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyìn, àfi lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ lọ́ iṣẹ́ wọn pọ̀ kí ẹlòmíràn má baà jí i wò.

Gírámà ńlá nìkan kọ́ o. Olóògbé K. O. Mbadiwe fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn, ṣùgbọ́n ó fi ń dá wa lára yá ni. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá bi yín pé, “Níbo lo ti ń bọ̀ ní agogo mọ́kànlá òru?”, tí ẹ dáhùn pé, “There were certain issues with regard to transportation,” obfuscation nìyẹn, Bàbá sì ti mọ̀.