Olú gbígbẹ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kó dànù

Ẹni tó bá rí ewé pòtétò tó ti jẹrà kó tó gbẹ, tí wọ́n wé sínú bébà láti ayé Ọbabìnrin Victoria, ààtàn ló máa ní kí wọ́n gbé e lọ. Àmọ́ lọ́dún 2013, irú ewé bẹ́ẹ̀ ló tú àṣírí ìyàn tó pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 1 èèyàn ní Ireland láàárín 1845 sí 1852. Pòtétò táwọn ọlọ́jà ń pè ní Irish yìí ló bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ gé bíńtín lára ewé tó wà ní Kew, nílùú London, àti ti Munich, ní Jámánì, wọ́n yẹ DNA inú ẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ẹ̀yà àìsàn tí wọ́n ti ń dá lẹ́bi látẹ̀yìnwá kọ́ ló ṣiṣẹ́ ibi náà. (Wọ́n ní kì í ṣe ọmọ olú gan-an, àmọ́ àárín olú ni wọ́n tò ó sí látilẹ̀wá.)

Ní Kew yìí, olú àtàwọn ìbátan ẹ̀, títí kan ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu, tó nǹkan bíi 1,250,000 ní gbígbẹ, nínú àpòòwé àti páálí. Èyí tí Charles Darwin ṣà bọ̀ nígbà tó wọ ọkọ̀ Beagle wà níbẹ̀. Lọ́dún 1879, àlùfáà kan, Miles Joseph Berkeley, kó tiẹ̀ fún wọn, nǹkan bíi 10,000 ẹ̀yà. Òun ló ń pariwo nígbà ìyàn yẹn pé nǹkan bí olú ló ń pa pòtétò, táwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sọ pé òjò ni. Ẹ ò rí nǹkan!

Ohun gbígbẹ lọ́tàá. Kòkòrò ń jẹ ẹ́, omi ń bà á jẹ́, iná sì ni baba gbogbo ẹ̀. Lóṣù kẹta 1943, bọ́ǹbù jó ilé tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ sí ní Berlin. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ṣà ní Togo àti Cameroon nígbà tí Jámánì ń ṣàkóso ibẹ̀ bá a lọ.

Lọ́dún 2022 ni Kew wá gbé iṣẹ́ ńlá dìde, pé àwọn á ya fọ́tò gbogbo ohun táwọn ní, olú àti ewé, bíi mílíọ̀nù 8. Kámẹ́rà nìkan kọ́ o. Wọ́n á lẹ nọ́ńbà mọ́ àpòòwé, wọ́n á wá jókòó ti ìwé pélébé tó sọ ẹni tó já a, ibi tó ti já a àti ọjọ́ tó já a. Ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ rèé, kíkà ẹ̀ le ju ìwé oògùn tí dókítà kọ lọ. Bí ìwé yẹn bá sì sọnù, olú inú àpòòwé ò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju èyí tí wọ́n gbàgbé sínú ìsasùn lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé. Lọ́dún 1975, B. A. Oso kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Mycologia lórí bí Yorùbá ṣe ń jẹ olú, tí wọ́n sì ń fi ṣoògùn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn lónìí, tó fẹ́ fi olú ọ̀gán ọwọ́ ẹ̀ wé èyí tí wọ́n ti já nílẹ̀ Áfíríkà kó lọ sí London, ṣé ó dìgbà tó bá rí físà gbà ni? Pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán á mọ ohun tó wà níbẹ̀ àti ibi tó ti wá.

Àmọ́ fọ́tò ò ní DNA. Ká ní fọ́tò ewé pòtétò yẹn nìkan ló kù ní 2013, ẹjọ́ Ireland ì bá ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gé lára ojúlówó, àfi kó kọ̀wé sí Kew, kó dúró de èsì, torí gbogbo ìgbà tí ọ̀bẹ bá kàn án ló ń dín kù.