Sinimá Àtijọ́ àti ti Ìsinsìnyí: Èwo Ni Ó Yẹ Kí Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Wò?

Ẹ̀sùn méjì ni a máa ń gbọ́ ní Ìdànrè níhìn-ín nígbàkúùgbà tí a bá dárúkọ sinimá láàárín àwa olùkọ́. Èkíní ni ti àwọn àgbà, tí wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, àti pé ọmọ tí ó bá jókòó ti àwòrán kò ní jókòó ti ìwé. Èkejì ni ti àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n ní bí a óò bá tilẹ̀ wò ó, ti ọdún yìí nìkan ni kí a wò, nítorí pé àwòrán ti àtijọ́ ṣókùnkùn, ohùn rẹ̀ kò sì já gaara. Àwa kò fara mọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, ìtàn ni ẹ fi tọ́ wa. Àlọ́ tí ẹ pa fún wa lálẹ́ kò sọ wá di ọ̀lẹ. Òun ni ó kọ́ wa láti mọ ọlọ́gbọ́n yàtọ̀ sí alárékérekè. Eré sinimá tí ó dára kò ju àlọ́ tí a fi ojú rí lọ. Òtítọ́ ni pé ìranù pọ̀ nínú rẹ̀; ṣùgbọ́n ta ni ó ti kọ oko sílẹ̀ nítorí pé èpò hù nínú rẹ̀? Òṣùwọ̀n tiwa kò le: eré tí ó bá parí, tí ìbéèrè rẹ̀ kò parí lọ́kàn wa, òun ni ó yẹ ní wíwò. Ẹ jẹ́ kí a fi mẹ́rin ṣe àpẹẹrẹ.

Ní 1970, Ossie Davis, ọmọ Amẹ́ríkà, sọ eré Wọlé Ṣóyínká tí ń jẹ́ Kongi's Harvest di fíìmù, Ṣóyínká tìkára rẹ̀ ni ó sì ṣe Kongi. Ṣóyínká yìí kan náà ni ó fi orúkọ ìlú wa pe ìwé ewì rẹ̀ ní 1967. Kongi gba ìjọba, ó fi ọba sí àtìmọ́lé, síbẹ̀ ó ń fẹ́ kí ọba náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé iṣu tuntun fún òun níwájú gbogbo ènìyàn. Kí ni alágbára tún ń wá lọ́wọ́ ẹni tí ó ti dè?

Ní 1979, Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, àti Ọlá Balógun ṣe Ìjà Òmìnira, èyí tí a mú jáde láti inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìwé Adébáyọ̀ Fálétí. Níbẹ̀ ni àwọn tí a ń jẹ gàba lé lórí ti kọ ìyà. Nínú ìlú tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, ta ni yóò kọ́kọ́ wí pé rárá?

Ní 1999, Túndé Kèlání darí Ṣaworoidẹ, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Lápité jọba ní Jogbo, kò sì gbà láti ṣe ìmùlẹ̀ tí ó so ọba mọ́ ìlú. Àwọn agégẹdú ń pa igbó run, owó sì ń wọ àpò ọba àti àwọn ìjòyè. Ará Ìdànrè tí ó bá wò ó, tí ó sì rántí àwọn ọkọ̀ tí ń ru gẹdú jáde láti inú igbó tiwa, yóò ha wí pé ìtàn ìlú ẹlòmíràn ni bí?

Èyí tí ó kẹ́yìn ni October 1, tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2014, tí a sì ya apá kan rẹ̀ ní Ìlárá-Mọ̀kín ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí. Ní 1960 ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀, nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀: wọ́n ń pa àwọn ọmọbìnrin ní ìlú kan, a sì rán ọlọ́pàá kan láti wá apànìyàn náà. Gbòǹgbò ọ̀ràn náà ni ọmọkùnrin méjì tí a fi sí abẹ́ ìtọ́jú àlùfáà òyìnbó kan, tí ó sì bà wọ́n jẹ́. Ọ̀kan di àgbẹ̀ tí kò fẹ́ gbúròó ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Èkejì di apànìyàn.

Àwọn kan ń wí pé fíìmù yìí ba orúkọ ìjọ jẹ́. A kò gbà. Dígí kì í ba ojú jẹ́. Àbàwọ́n tí ó wà lójú ni ó ń fi hàn. Ìyà tí ọmọ náà jẹ kò dá ẹ̀jẹ̀ tí ó ta láre, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi í léèrè nígbà tí ó ṣì kéré. Àwa olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni a fi ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́. Bí ó bá sí ẹni tí ó yẹ kí ó wo fíìmù yìí, àwa ni. Kì í ṣe ti ọmọ kékeré: kí olùkọ́ kọ́kọ́ wò ó fúnra rẹ̀, kí ó sì mọ kíláàsì tí ó tó o.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ó wá kàn yín. Ẹ wo bí okùn náà ti gùn tó. Fálétí, tí ìwé rẹ̀ di fíìmù ní 1979, ni ó ṣe Ọ̀pálábá nínú Ṣaworoidẹ ní ogún ọdún lẹ́yìn náà. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, kópa nínú Ṣaworoidẹ yìí kan náà kí ó tó di ẹni tí ń darí eré. Ìbéèrè tí àwọn bàbá bi ọba, òun ni ọmọ wá bi àwọn tí ń tọ́ ọmọ: kí ni o fi agbára tí ó wà lọ́wọ́ rẹ ṣe? Ẹni tí ó bá wo ti ìsinsìnyí nìkan, ìparí ọ̀rọ̀ ni ó gbọ́.

Àwọn bàbá wa sọ̀ kalẹ̀ láti orí Òkè Ìdànrè, ṣùgbọ́n wọn kò wó ààfin tí ó wà lókè. Títí di òní ni a ń gun àtẹ̀gùn tí ó ju 600 lọ láti lọ wo ibi tí a ti ṣẹ̀. Kí ló dé tí a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún eré wa? Ohun tí a kò bá bèèrè ni ó ń sọnù. Nígbà tí Bàbá Sàlá ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, àwọn olè ṣe àdàkọ rẹ̀, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì wọ ọ̀gá náà lọ́rùn. Ẹni tí ó ra àdàkọ olè ní ìpín nínú ẹ̀bi náà.

Nítorí náà, èyí ni ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan wo fíìmù kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí ó má ṣe jẹ́ ti ẹ̀wádún kan náà, kí a san owó rẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín, kí àwọn ọmọ sì kọ ojú ìwé kan lórí ìbéèrè tí ó bi wọ́n. Bí èyí bá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀lẹ, kí ẹni tí ó wí bẹ́ẹ̀ wá bá wa ka ohun tí àwọn ọmọ kọ.