Ta Ló Yẹ Kó Ru Fóòmù Náà?

Àárọ̀ Sátidé ni. Mo ń lọ ra àkàrà ní ìkóríta wa nígbà tí mo bá ariwo pàdé. Ọmọdékùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ ru fóòmù lórí. Fóòmù náà tóbi jù ú lọ, ó bò ó lójú, omi ìtọ̀ ń kán sí i lọ́rùn, ó ń ṣàn wọnú ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn ọmọ àdúgbò tò tẹ̀ lé e, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pè é ní atọ̀ọ́lé. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, pákò ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó yọ pákò, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọmọ yìí wí. Ọ̀lẹ ni. Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, ó mọ̀, kò kàn fẹ́ dìde ni."

Ó dáa. Ìbáwí lo tọrọ, ìbáwí náà ni mo gbé kalẹ̀ yìí. Àmọ́ kì í ṣe ọmọ rẹ ni mo mú un wá fún. Ìwọ ni. Mo sì mọ̀ pé ìwọ nìkan kọ́ lo ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e síta gbangba, kí ẹni tó bá mọ̀ pé òun náà jẹ̀bi lè gbọ́ tirẹ̀.

O pe ọmọ ní ọ̀lẹ. Ta ló sọ fún ọ pé ẹni tó sùn fọnfọn ń ṣe ọ̀lẹ? Àwọn oníṣègùn tó ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí ti tú u palẹ̀ tipẹ́. Lóru, ọpọlọ máa ń rán èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó rọra, kó má ṣe pọn ìtọ̀ tó ti ọ̀sán. Lára àwọn ọmọ kan, èròjà yìí kì í tètè pọ̀ tó. Àpò ìtọ̀ ọmọ mìíràn ò tíì gbà tó bó ṣe yẹ. Òmíràn sì wà tí oorun rẹ̀ wúwo débi pé àpò kún, àpò ké, kò gbọ́. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ìwà?

Nínú ọmọ 100 tó jẹ́ ọmọ ọdún 5, nǹkan bíi 15 ṣì ń tọ̀ sórí ibùsùn. Nítorí náà ni àwọn dókítà kì í fi í pè é ní àìsàn kí ọmọ tó pé ọdún 5. Lọ́dọọdún lẹ́yìn ìyẹn, nínú 100 tó bá ṣì ń tọ̀, nǹkan bíi 15 á ṣíwọ́ fúnra wọn, láìlo oògùn, láìjẹ ẹgba. Bí ọmọ tí ẹ ti ń nà bá wá gbẹ, ẹ ní ẹgba ló ṣe é. Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́. Àkùkọ ní òun ló mú ilẹ̀ mọ́.

Jẹ́ ká wá bọ́ síbi tó máa ta ọ́ lára. Títọ̀ sílé máa ń tinú ìdílé wá. Bí ọ̀kan nínú bàbá àti ìyá bá tọ̀ sílé ní kékeré, nǹkan bíi 44 nínú 100 ọmọ wọn ni yóò tọ̀ sílé. Bí àwọn méjèèjì bá tọ̀ sílé, á di nǹkan bíi 77. Ní 1995, àwọn oníwádìí ilẹ̀ Denmark tọpa rẹ̀ dé inú àbùdá, wọ́n rí ibi tó fara pamọ́ sí nínú àwọn ìdílé kan. Èmi ò nílò Denmark. Mo kàn yà sọ́dọ̀ màmá rẹ tó ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì bi wọ́n léèrè. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí atẹ ẹ̀wà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà nù.

"Ta ni? Eléyìí? Ó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá kó tó gbẹ. Ẹní mẹ́ta ló jẹrà nídìí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ á ní kó rù ú yí agboolé ká, á máa sunkún, á máa lọ."

Ìwọ ò gbàgbé. Kò sẹ́ni tó ń gbàgbé irú rẹ̀. Ogún tí o jẹ lo pín fún ọmọ rẹ, o wá ń nà án nítorí pé ó gbà á.

Kí n tó máa tọ́ka sí ọ lọ, kí n ka tèmi. Èmi náà fìyà jẹ ọmọ nítorí ìtọ̀. Àkọ́bí mi ni mo ṣe é sí, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà náà, mo sì rò pé mo ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ti bí ọmọ mẹ́rin báyìí. Ó ń tọ́jú mi, ó ń fi owó ránṣẹ́, kò rí mi fín rí. Àmọ́ láti ìgbà tó ti kó kúrò nílé, kò sun ilé mi mọ́jú. Bó bá wá kí mi, kí ilẹ̀ tó ṣú, á ní iṣẹ́ ń dúró de òun. Mi ò bi í rí. Mo mọ̀.

Ní 1998, àwọn oníwádìí kan nílẹ̀ Netherlands bi àwọn ọmọdé léèrè ohun tó lè bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ jù. Kí bàbá àti ìyá kọ ara wọn sílẹ̀ ló ṣíwájú. Kí àwọn òbí máa jà ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta ni kí èèyàn máa tọ̀ sórí ibùsùn. Ilé tí ìjà wà, tí ọmọ ń tọ̀, tí wọ́n tún wá ń jà nítorí pé ó tọ̀, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ẹ ó ní, "Wọ́n na àwa náà, a ò kú." Lóòótọ́, ẹ ò kú. Ṣé àìkú nìkan la bí ọmọ fún? Ní 2016, Elizabeth Gershoff àti Andrew Grogan-Kaylor ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 75 jọ, iṣẹ́ nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ọmọ tó wà nínú rẹ̀ lé ní 160,000. Gbígbá ọmọ nídìí ni wọ́n wò, ọwọ́ lásán, wọn ò tíì dé orí pàṣán. Wọn ò rí i kó mú ọmọ gbọ́ràn sí i. Ohun tí wọ́n bá pàdé ni pé ọmọ tí wọ́n ń lù máa ń ya oníjà àti olóríkunkun ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ọkàn rẹ̀ kì í sì í balẹ̀. Bí ẹ bá ní ti òyìnbó nìyẹn, ẹ wo tiwa. Ìwádìí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ilẹ̀ wa ṣe pẹ̀lú UNICEF ní 2014 fi hàn pé nínú ọmọ Nàìjíríà 10, nǹkan bíi 6 ló ti rí ìwà ipá kan tàbí òmíràn kó tó pé ọdún 18. Àwọn bàbá wa ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Ẹ̀yin ti gba ọwọ́ òsì náà síṣẹ́ ẹgba.

Àwọn àgbà ìgbàanì kì í ṣe òmùgọ̀ pátápátá. A máa ń gbọ́ ìtàn pé àwọn kan a máa so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ìdí atọ̀ọ́lé: bí ìtọ̀ bá ti kan ọ̀pọ̀lọ́, á ta, ọmọ á jí. Ìpayà inú rẹ̀ burú, ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n tó wà lábẹ́ rẹ̀: kí ọmọ jí ní ìṣẹ́jú tí ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ní 1938, Hobart Mowrer àti ìyàwó rẹ̀ Willie Mae, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí aṣọ oníwáyà tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ọmọ 30. Bí ìtọ̀ bá ti kan wáyà, aago á dún, ọmọ á dìde lọ parí rẹ̀ níbi tó yẹ. Àwọn ọmọ náà gbẹ. Títí dòní, aago yẹn, tí wọ́n ti sọ di kékeré, ṣì wà lára ohun tí dókítà kọ́kọ́ ń fi ṣe ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀lọ́ òyìnbó ni. Kò sí ẹgba nínú rẹ̀, kò sí pé à ń rìn yí àdúgbò ká.

Ibì kan wà tó yẹ kí àyà yín já ju bí inú ti ń bí yín lọ. Ọmọ tó ti gbẹ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó wá ṣàdédé tún bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró tì í. Ó lè jẹ́ àìsàn, kòkòrò tó wọ ọ̀nà ìtọ̀, tàbí àtọ̀gbẹ. Ó lè jẹ́ pé ẹ bí àbúrò lé e, tàbí pé ìyá rẹ̀ kó jáde nílé. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ. Ìwádìí 2014 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní obìnrin 1 nínú 4 àti ọkùnrin 1 nínú 10 ni wọ́n ti hu irú ìwà ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ sí kí wọ́n tó pé ọdún 18. Ohun tí ẹnu ọmọ ò lè sọ ni ara rẹ̀ ń sọ. Ẹ wá gbé igbe rẹ̀ rù ú lórí, ẹ ní kó máa gbé e kiri ìta. Láti ọjọ́ náà, ó ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tí òun lè sọ fún.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ọmọ nawọ́ sókè, "Ántí, mo fẹ́ lọ tọ̀," ẹ ní kó jókòó. Ó mú un mọ́ra títí aago méjì fi lù. Àpò ìtọ̀ tí ẹ ń fipá dè lọ́sàn-án, ṣé lóru ló máa wá gbọ́ràn? Ilé ìgbẹ́ yín ńkọ́? Èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ò lè wọ̀, ẹ ní kí ọmọ kíláàsì kejì wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin wòlíì àti ààfáà tí ẹ ń sọ pé ẹ̀mí omi ló wà lára rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀mí omi sílẹ̀. Kíndìnrín ni.

Èyí tó dùn mí jù ni tiyín, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìmọ̀ ò wọ́n wa. Thomas Adeoye Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní Aro ní 1954. Ó fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ìbátan wọn wà pẹ̀lú wọn, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ayé wá wò ó kọ́gbọ́n. Ní Yunifásítì Ìbàdàn lónìí, ibùdó kan wà tó jẹ́ ti ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́ nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Omígbòdùn, tó jẹ́ òpó níbẹ̀, ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń tọ́jú ọpọlọ ọmọdé. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti ní nínú ọ̀dọ́ 7 tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní ìṣòro ìlera ọpọlọ. Iṣẹ́ ń lọ, ẹ kú iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ta lẹ ń sọ ọ́ fún? Púpọ̀ nínú yín kọ ìwádìí lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú jọ́nà, wọ́n fi gbé yín ga lẹ́nu iṣẹ́, ó parí. Bàbá onípákò yẹn kò ní ka jọ́nà. Rédíò ló ń gbọ́ láàárọ̀. Mo ti ń gbọ́ rédíò Yorùbá kí irùngbọ̀n tó hù mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí ọ̀mọ̀wé kan fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ fún wa pé ẹ má na atọ̀ọ́lé. Lambo gbé ìmọ̀ lọ bá abúlé. Ẹ̀yin jókòó, ẹ ń retí kí abúlé wá kà yín.

Ó wá kù sí ọ lọ́wọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin. Jẹ́ kí ọmọ rẹ mu omi dáadáa lọ́sàn-án, kó dín in kù bí oorun bá ku díẹ̀. Kó tọ̀ kó tó sùn. Tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ aṣọ ibùsùn, fóòmù rẹ á pẹ́. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá ń le, wá nǹkan ṣe sí i, nítorí ìfun tó kún a máa tẹ àpò ìtọ̀ mọ́lẹ̀. Yìn ín pé ó rántí tọ̀ kó tó sùn, má yìn ín pé ó gbẹ, nítorí gbígbẹ ò sí níkàáwọ́ rẹ̀. Bí kò bá sì dín kù, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n wò ó.

O rí ohun tí mo ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo sọ fóòmù kúrò lórí ọmọ fúnra mi, ìtọ̀ sì ta sí mi láṣọ. Ojú tì ọ́ láti jẹ́ kí àgbàlagbà dá gbé e, o sáré wá di etí kejì mú, a jọ gbé e lọ sá sórí ògiri. Àwọn ọmọ tó ń pàtẹ́wọ́ dákẹ́. Wọn ò lórin fún bàbá méjì tó ru fóòmù.

Lálẹ́ òní, kó tó sùn, pè é mọ́ra, kí o sọ fún un pé ìwọ náà tọ̀ títí o fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mò ń sọ èyí fún ọ kí ọmọ tìrẹ lè máa sun ilé rẹ mọ́jú bó bá dàgbà. Bí ẹnu rẹ ò bá sì gbà á, màmá rẹ ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà wọn. Wọ́n á bá ọ sọ ọ́, wọ́n á sì ka iye ẹní fún un.