Ṣáwà Tí Kò Fẹ́ Tan

Ẹ ó kà á ní abala ìròyìn ẹbí pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Fegge bí ọmọkùnrin, tìyá-tọmọ sì wà ní àlàáfíà. Ohun tí ẹ kò ní rí kà níbẹ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní balùwẹ̀ wọn ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣáájú ìkómọ, òun ni a sì fẹ́ bá yín sọ.

Nígbà tí a wọlé, a bá Bàbá Ìkókó lórí àpótí. Ó ti tú ìdérí ṣáwà oníná, ó mú èmú lọ́wọ́. Ó ní kò tan láti àná, òun fẹ́ so wáyà méjì pọ̀ nínú rẹ̀ kí iná lè lọ tààrà. A bi í bóyá ó ti pa bíréékà. Kò pa á. A ní, "Bàbá Ìkókó, sọ̀kalẹ̀ ná, a bẹ̀ ọ́."

Ṣáwà oníná kò dà bí gílóòbù. Nínú púpọ̀ wọn ni rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà. Omi tí ń wọlé ni yóò ti rọ́bà náà, òun ni yóò sì tẹ súwíìsì kékeré kan, nígbà náà ni iná yóò tó dé ara irin tí ń mú omi gbóná. Bí omi kò bá ní ipá láti tì í, ẹ lè tẹ súwíìsì ara ògiri títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, omi tútù ni ẹ ó rí. Ẹni tí ó bá sì so wáyà rẹ̀ pọ̀, irin náà yóò máa gbóná láìsí omi, yóò jó. Iná pupa ara ògiri tàn ní tiwọn, èyí tí ó fi hàn pé iná mànàmáná ti dé ibẹ̀. Omi ni ó kù tí a ní láti wò.

Òkè pátápátá ni wọ́n ń gbé nínú ilé alájà mẹ́ta náà, táǹkì sì wà lórí wọn gan-an. Wọ́n rò pé ẹni tí ó súnmọ́ táǹkì ni omi rẹ̀ yóò le jù. Rárá o. Omi ní láti ga tó nǹkan bí mítà 10 kí ipá rẹ̀ tó di bar 1. Tiwọn kò ju mítà 2 lọ. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbádùn. "Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀," ni Ìyá Ìkókó wí, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́gbọ́n mu. A ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ iná, ọmọ Ígbò kan ní àdúgbò náà. Ó pa bíréékà, ó fi tẹ́sítà wò ó, ó tú asẹ́ kékeré tí omi ń gbà wọlé: yanrìn kànga ẹ̀rọ ti dí i pa.

Ó fọ̀ ọ́. Bí ó ti fẹ́ dé ìdérí padà ni ó dákẹ́. Wáyà aláwọ̀ ewé onílà yẹ́lò, tí í gbé iná tí ó bá yà wọ inú ilẹ̀ lọ, ẹni tí ó kọ́kọ́ ri ṣáwà náà ti gé e kù, ó fi téèpù wé e. Ìyá ọmọ ti ń wẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta! Oníṣẹ́ náà ní òun kò ní gbé bíréékà sókè títí tí a ó fi ri irin mọ́lẹ̀. Orí gáàsì ni a ti sè omi ìwẹ̀ ìkómọ.

Ẹ tún gbọ́ èyí, nítorí àwọn kan ti bi wá. Ṣáwà wáàtì 3,500 ń fa nǹkan bí áńpù 15 lórí iná fóòtì 230. Púlọ́ọ̀gì lásán kò ju áńpù 13 lọ, ẹ má ṣe kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e. Bí iná bá rẹlẹ̀ dé fóòtì 160, yóò tan, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ yóò kù bí ìdajì. Ẹ má tìtorí ìyẹn pe oníṣẹ́. Bíréékà tí ẹ gbé sókè tí ó tún já wálẹ̀ ni kí ẹ pè é sí, ẹ má sì gbé e lẹ́ẹ̀kejì.

Onílé ní ayálégbé ni yóò san owó irin ilẹ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ yóò lọ rí i lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí irú rẹ̀ bá wà ní ilé rẹ̀, kí ó bá wa lọ.